Ìdí-igi, orí-ò-jorí àbí òfin ìjọba: ọ̀nà wo la ó gbà pín ogún bàbá wa?

Ọmọ Ọ̀ṣọ́màáló (Òkèsà, Iléṣà)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. A ti sìnkú bàbá wa, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wa dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogún ló kù nílẹ̀ báyìí, ó sì ti fẹ́ dá ilé rú.

Bàbá kò kọ ìwé ìhágún. Wọ́n fi ilé tí wọ́n kọ́ sí Òkèsà sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà, oko kòkó kan lọ́nà Ìfẹ̀wàrà, owó díẹ̀ ní báńkì, àti ìpín tiwọn nínú ilẹ̀ ẹbí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbé ìyá wa níyàwó, àwa mẹ́rin ni ìyá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó yá, bàbá ní ìyàwó kan ní Ilé-Ifẹ̀, ìyẹn sì bí ọmọ méjì. Bàbá fúnra wọn ló kó àwọn ọmọ náà jáde, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n rán wọn níwèé, wọ́n sì máa ń mú wọn wá sílé lọ́dún. Kò sí ẹnì kan nínú ẹbí tó lè ní òun kò mọ̀ wọ́n.

Àbúrò bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí ńlá, ní ìdí-igi ni àṣà: kí a pín ohun gbogbo sí ọ̀nà méjì, ìdí kan fún ìyá wa, ìdí kan fún ti Ifẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní òun kò gbà. Ó ní òfin kò mọ obìnrin kejì, àti pé bí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá fẹ́ gba ohunkóhun, kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò DNA ná. Ó ti gba lọ́yà. Àbúrò bàbá wa tún ní èmi ni kí n dúró bí dáwódù, ìyẹn olórí àwọn ọmọ bàbá, nítorí pé obìnrin ni ẹ̀gbọ́n mi. N kò fẹ́ kọjá ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó tọ́jú bàbá nígbà àìsàn wọn.

Àṣà ìran wa ni mo gbà gbọ́, n kì í ṣe ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé gbogbo ohun tuntun. Ṣùgbọ́n àṣà tí àbúrò bàbá wa ń sọ yìí, ìyá wa ni yóò kọ́kọ́ pa lẹ́kún. Kí ni kí n ṣe? Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó bá mi dá sí i.

Bàbá Ìjòfì

Ẹ kú ìrójú, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìdí-igi ni. Òun ni wọ́n fi pín ti bàbá mi, òun ni wọ́n fi pín ti bàbá bàbá mi, a sì ń jẹun pọ̀ di òní. Obìnrin tó bá bímọ fún ọkùnrin, ìdí kan ni, ìbáà bí ọ̀kan, ìbáà bí mẹ́wàá. Ìyàwó tó bí púpọ̀ kò ní lè fi iye ọmọ ti orogún rẹ̀ sẹ́yìn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ jókòó sí Kánádà, ó gba lọ́yà lé ẹbí lórí kí ẹbí tó jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọ̀rọ̀ ilé kì í kọjá ìlẹ̀kùn baálé. Bó bá kọjá ibẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò. Bó bá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ló tó dé ààfin Ọwá. Àwọn tó ń dá ẹjọ́ yẹn mọ bàbá rẹ, wọ́n mọ ìyá rẹ, wọ́n mọ èyí tó ń purọ́ nínú yín, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ ó tún jọ pàdé níbi ìnáwó lọ́la. Ìwé tó wà níwájú adájọ́ nìkan ló ń kà. Bó bá dájọ́ tán, ó lọ sílé, ẹ̀yin ló kù tí ẹ ò lè kí ara yín mọ́.

Ti olórí, ọkùnrin ni. Obìnrin ń lọ sílé ọkọ. Ti DNA yẹn, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ mọ́. Ọmọ tí bàbá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lórúkọ, ta lẹ tún fẹ́ bi léèrè?

Dídọ́gba

Ọmọ mẹ́fà, ìpín mẹ́fà. Orí-ò-jorí. Kí ló le níbẹ̀?

Ìyá Ìlóro

Bàbá Ìjòfì, ẹ kú ọgbọ́n. Ohun tí ẹ sọ nípa ẹjọ́ ilé, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi gbà á. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ sọ nípa obìnrin, n kò lè jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, torí pé èmi náà ń gbèjà àṣà ni, n kò sì fẹ́ kí a máa gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lórí.

Níbo ni wọ́n ti ní obìnrin Yorùbá kò lè ṣe olórí ọmọ bàbá rẹ̀? Ní Ilé-Ifẹ̀ tó jẹ́ orírun gbogbo wa, obìnrin ni Ọọ̀ni Lúwòó. Bí obìnrin bá lè jókòó lórí àpèrè Odùduwà, ṣé ilé kan ní Òkèsà ni yóò wá le jù fún un? Ẹjọ́ yìí gan-an sì ti wáyé ní Èkó láti 1908. Lewis àti Bankole ni wọ́n ń pè é, lórí ilé ẹbí Olóyè Mabinuori. Ilé ẹjọ́ wádìí àṣà, ó sì ní àkọ́bí tó bá wà láàyè, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin, ni ó yẹ kó ṣojú àwọn ọmọ. Ní 1924, nínú ẹjọ́ Lopez, wọ́n tún sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin nínú ogún bàbá dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọkùnrin.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ lórí rédíò ní 2014 pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní kí obìnrin máa jogún, wọ́n wá rò pé àwa ló ń bá wí. Ẹjọ́ Ukeje ni, lórí àṣà apá kan ilẹ̀ Ìgbò tó yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Kò sí ìgbà tí àṣà tiwa yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan láàárín wa ló ń yá àṣà oníṣàṣà lò nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́màáló, ẹ̀gbọ́n yín ni dáwódù àwọn ọmọ bàbá yín. Ẹ dúró tì wọ́n.

Lọ́yà Lágẹ̀rẹ́ (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀gbọ́n. N kò tíì rí ìwé kankan lọ́wọ́ yín, torí náà ìtọ́ka lásán ni ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ ṣì máa bá lọ́yà tiyín sọ̀rọ̀.

Ẹ ti ń jà lórí ìdí-igi àti orí-ò-jorí, ẹ ò sì tíì béèrè ohun tó ṣáájú méjèèjì: irú ìgbéyàwó wo ni bàbá àti ìyá yín ṣe? Pé wọ́n wọ aṣọ funfun ní ṣọ́ọ̀ṣì kò tó. Àwọn kan ṣe ìdána nílé, wọ́n wá lọ gba àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbéyàwó àṣà ni ìyẹn ṣì jẹ́ lójú òfin. Àwọn mìíràn kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó ìjọba, wọ́n lẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ògiri fún ọjọ́ 21, wọ́n gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n tó lọ ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fọwọ́ sí. Ìwé ẹ̀rí tiwọn yàtọ̀: ọkọ àti ìyàwó fọwọ́ sí i, àlùfáà fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, òfin ìgbéyàwó ìjọba sì wà lára rẹ̀ gbangba. Ẹ lọ tú àpótí ìyá yín.

Bí ẹ bá rí ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ yí padà. Òfin kan wà tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ní 1959 lórí àbójútó ogún. Ọ̀yọ́ jogún rẹ̀, Ọ̀ṣun sì gbà á nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1991. Ó ní ẹni tó bá fi òfin ìjọba gbéyàwó, tó wá kú láì kọ ìwé ìhágún, òfin náà ni yóò pín ohun tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe àṣà. Ìyá yín yóò ní ìpín tiwọn, àwọn ọmọ yóò ní tiwọn. Ẹ wo bó ṣe ṣe pàtàkì tó: lábẹ́ àṣà, ìyá yín kò ní ohunkóhun lórúkọ ara wọn. Ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní 1957 sọ ọ́ kedere pé ìyàwó kì í jogún ọkọ nínú àṣà Yorùbá, àfi kó máa jẹ lára ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀ ẹbí kò sí nínú èyí. Bàbá yín kò lè fi ilẹ̀ ẹbí ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ nígbà tí wọ́n wà láàyè, torí náà òfin 1959 kò fọwọ́ kàn án. Àṣà ni yóò máa darí rẹ̀ lọ.

Ẹ wá bá mi sọ fún àbúrò yín ní Kánádà pé lọ́yà rẹ̀ ní láti ka abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí a gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ dù nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Obìnrin Ifẹ̀ lè má jẹ́ ìyàwó lójú òfin bí bàbá bá ti fi òfin ìjọba gbé ìyá yín. Ọmọ bàbá yín ni àwọn ọmọ rẹ̀, ìpín wọn kò sì kéré sí ti àbúrò yín.

Bí ìwé kò bá sí, àṣà ni yóò pín ohun gbogbo, ìdí-igi sì ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ló fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Bàbá kan kú ní Èkó, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in sí mẹ́sàn-án. Ilé ẹjọ́ gíga jù ìyẹn lọ yí i padà ní 1958, ó ní ọ̀nà mẹ́rin ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, àwọn náà ní ọ̀nà mẹ́rin ni. Àmọ́ wọ́n gbà pé bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Torí náà ọ̀gbẹ́ni Dídọ́gba, orí-ò-jorí wà nínú àṣà, ṣùgbọ́n ẹnu olórí ẹbí ni ó ti ń jáde.

Bàbá Ìjòfì

Lọ́yà, mo kà á. Ẹ ṣeun, ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kàwé.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan. Òfin ìgbéyàwó yẹn kan náà ní ẹni tó bá ti fi ìwé ìjọba gbé ìyàwó, tó tún lọ fi àṣà gbé òmíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni. Ta lẹ ti rí tó lọ sẹ́wọ̀n? Àwọn tó ń ṣòfin ńkọ́? Ẹ wo àwọn olóṣèlú wa ní ọjọ́ ìbúra, ẹ ka iye ìyàwó tó jókòó níwájú. Òfin tí a kọ, tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, ló ń kọ́ ọmọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni òfin. Ìlérí tí ọkùnrin ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì kò mú un dúró, ìjọba kò mú un dúró, nígbà tó bá kú tán ni òfin wá jí, tó ní kí wọ́n wá pín nǹkan. N kò lè fọkàn tán òfin tí kì í sọ̀rọ̀ àfi lẹ́yìn òkú.

Àṣà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ìyàwó kejì láyé àtijọ́, ìyáálé gbọ́, ẹbí gbọ́, wọ́n lọ tọrọ ọmọ náà lójú gbogbo ayé. Kì í ṣe pé kí ó lọ gba ilé pamọ́ sí ìlú kejì.

Àdùkẹ́ Ìmọ̀

Mo bá Bàbá Ìjòfì dé apá kan. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, mo sì mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi yóò ní ayé àtijọ́ ni mo ń gbé. Kí wá ni òrùka wà fún? Ìyá kan bá ọkọ rẹ̀ jẹ ìyà, ó bá a ra simẹ́ńtì, ó ta gèlè rẹ̀ torí ilé náà. Òmíràn wá láti ẹ̀gbẹ́, abala 42 sì ní ọmọ ti ẹ̀gbẹ́ náà dọ́gba pẹ̀lú ọmọ inú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ pa ìgbéyàwó run, kí ló tún kù tí yóò ṣe? Èmi gbà pé òfin gbọdọ̀ fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó pa májẹ̀mú mọ́ àti ẹni tí kò pa á mọ́.

Ìyá Ìlóro

Àdùkẹ́, ọmọ mi, ìbínú rẹ kò ṣàìtọ́. Èmi náà jẹ́ ìyáálé. Ṣùgbọ́n bàbá ló da májẹ̀mú, ta lo wá fẹ́ kó san án? Ọmọ tí wọ́n kó jáde ní ọjọ́ kẹjọ, tí wọ́n fi oyin sí lẹ́nu, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe májẹ̀mú. Kí abala 42 tó dé rárá ni àwọn bàbá wa ti máa ń sọ pé ọmọ tí bàbá bá jẹ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ni. Níhìn-ín, òfin tuntun àti àṣà àtijọ́ ń sọ ohun kan náà.

Bí o bá fẹ́ dáàbò bo ìyá inú ilé, ibòmíràn ni kí o wò. Jẹ́ kí orúkọ obìnrin wà lórí ìwé ilẹ̀ tó bá ọkọ rà. Rísíìtì simẹ́ńtì tó rà, kó tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn yóò ṣe é láǹfààní ju kí a ti ọmọ ọlọ́mọ síta lọ.

Ọmọ Ẹnúwá

N kì í sábà kọ nǹkan síbí. Ọmọ ìyàwó kejì ni mí. Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní a kò gbọdọ̀ jókòó níbi òkú. Ẹ̀yìn ni èmi àti ìyá mi dúró sí. Ní tèmi, kì í ṣe ilé, kì í ṣe oko ni mo ń wá. Mo fẹ́ kí orúkọ wa wà nínú ìwé ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣọ́màáló, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọmọ méjì yẹn sí ìpàdé kí ẹ tó pín ohunkóhun. Ẹ má dúró de lọ́yà kí ó tó pè wọ́n.

Òṣìṣẹ́ Láàbù

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa DNA yìí torí àwọn èèyàn rò pé ó rọrùn bí wíwọn ìbà. Bí bàbá bá wà láàyè, ìdáhùn máa ń dá gaara. Bí wọ́n bá ti sìnkú rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa fi wéra, ìyẹn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dáni lójú, èsì rẹ̀ lè wá dà bí «ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀». Fún ọmọkùnrin, wọ́n lè fi ti àbúrò bàbá yín wé e, ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yóò sọ ni pé ìran ọkùnrin kan náà ni wọ́n, kò ní sọ ẹni tó jẹ́ bàbá gan-an.

Ohun mìíràn: ẹni tó bá ní kí àwọn ọmọ Ifẹ̀ ṣe é, lọ́yà tiwọn náà yóò ní kí ẹ̀yin mẹ́rin ṣe é. Òfin ẹ̀rí ti 2011 ní ọmọ tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó, ọmọ ọkọ ni títí ẹnikẹ́ni yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin fi ìlẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ ní títì fún àlàáfíà ilé. Kí ló dé tí àbúrò yín fẹ́ ṣí i?

Ọmọ Modákẹ́kẹ́

Ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ilé, kò sí ẹni tó béèrè nípa oko kòkó. Ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà lẹ ní. Ṣé bàbá ra ilẹ̀ yẹn ni, àbí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀, igi kòkó ni ti bàbá, ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀. Igi nìkan lẹ lè pín. Àwọn onílẹ̀ sì ní láti mọ ẹni tí yóò máa san án lẹ́yìn bàbá, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ ó kàn dé oko lọ́jọ́ kan, ẹ ó bá ẹlòmíràn tó ń ká kòkó. Mo ti rí i tó fa ìjà tó ju ti ilé lọ. Ẹ wá rísíìtì bàbá, kí ẹ sì wá ẹni tó máa ń bá wọn mú ìṣákọ́lẹ̀ lọ.

Akọ̀wé Kóòtù Fẹ̀yìntì (Ìsọ̀kùn, Iléṣà)

Mo ṣiṣẹ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Ìjòfì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ yín. Ẹjọ́ ilé dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti sábà máa ń dàrú: wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n pín nǹkan, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ obì. Nígbà tí àwọn àgbà náà bá kú tán, àwọn ọmọ ọmọ wá sí kóòtù, oníkálukú ń sọ ohun tí bàbá tirẹ̀ sọ fún un. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ tí ìhà méjèèjì ń sòótọ́ tọkàntọkàn, tí ohun tí wọ́n ń sọ kò sì bára mu.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó yín lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ fún owó báńkì. Báńkì kò ní dá yín lóhùn láìsí ìwé àṣẹ àbójútó ogún, ọ̀dọ̀ ilé ẹjọ́ gíga sì ni ìwé yẹn ti ń wá. Wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ikú, wọn yóò béèrè orúkọ gbogbo ọmọ, wọn yóò béèrè onígbọ̀wọ́, wọn yóò sì kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè jáde. Bí ẹ bá yọ orúkọ àwọn ọmọ Ifẹ̀ kúrò, ibẹ̀ gan-an ni wọn yóò ti dá a dúró.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́màáló

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lọ tú àpótí ìyá wa. Ìwé náà wà níbẹ̀, àlùfáà fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, òfin ìgbéyàwó ìjọba sì wà lára rẹ̀ bí lọ́yà ṣe wí. Ìyá wa kò mọ̀ pé ó ní ìtumọ̀ kan ju ìrántí lọ.

Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ẹnúwá fún àbúrò mi lórí fóònù. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun kò ní béèrè DNA mọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí lọ́yà wà níbi ìpàdé. Mo gbà fún un.

Àbúrò bàbá wa ni kò tíì rọ̀. Wọ́n ní àwa ti gba ìwé òyìnbó mú, a ti fi ẹbí sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn sọ ọ́?

Bàbá Ìjòfì

Má rán ẹnikẹ́ni sí wọn. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni kí ẹ lọ, ẹ lọ ní òwúrọ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ mẹ́nu kan ìwé. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá yín pe ìpàdé, pé àwọn ni wọn yóò jókòó sórí àga. Ilẹ̀ ẹbí ṣì wà lábẹ́ wọn, lọ́yà ti sọ ọ́, ìdí-igi sì ni ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyẹn lẹ́nu yín kí wọ́n tó gbọ́ nípa ilé. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé wọ́n rò pé ẹ fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹbí.

Nípa ti dáwódù, èrò mi kò tíì yí padà. Ṣùgbọ́n bí ìwọ ọkùnrin bá fúnra rẹ dìde nínú ìpàdé, tí o ní ẹ̀gbọ́n rẹ ni kó ṣáájú, n kò rí àgbà tí yóò fi agbára gbé e lé ọ lórí.

Lọ́yà Lágẹ̀rẹ́

Bàbá ti sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé bí ẹ bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún, ẹ fi ẹ̀gbọ́n yín obìnrin sí i, ẹ fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ifẹ̀ náà sí i bó bá ti tó ọjọ́ orí tí òfin béèrè. Bí ìhà méjèèjì bá wà lórí ìwé kan, kò sí ẹni tí yóò lè ta nǹkan lẹ́yìn ẹnì kejì. Ẹ̀yin tó sì ń ka èyí tí ẹ wà láàyè, ẹ kọ ìwé ìhágún. Ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì lo ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní nǹkan bí ẹlẹ́rìí.

Akọ̀wé Kóòtù Fẹ̀yìntì

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ wá ẹnì kan tí kò ní ìpín níbẹ̀ kó máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bí tísà tàbí akọ̀wé ìjọ. Kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá, ọjọ́, àti ohun tí a fẹnu kò lé lórí. Kó kà á sókè ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i, kí ẹni tí kò lè kọ̀wé tẹ̀ka. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ìyá yín, ọ̀kan fún Ifẹ̀, ọ̀kan fún àbúrò bàbá yín. Ẹ so rísíìtì ìṣákọ́lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ bá rí i, torí àwọn onílẹ̀ kò ní dúró de ilé ẹjọ́.